Ta Ló Ni Orin Tí A Jọ Ṣe?

Àwọn àgbà ní àjèjé ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ la ti mọ òwe yìí, a sì máa ń fi gba ara wa níyànjú nígbà tí iṣẹ́ bá wúwo. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí òwe náà kò dé, ibẹ̀ gan-an sì ni ìjà máa ń wà. Òwe sọ bí ẹrù ṣe dé orí fún wa. Kò sọ ẹni tí yóò gba owó nígbà tí ẹrù bá dé ọjà, kò sì sọ orúkọ ta ni wọn yóò fi máa pe ẹrù náà.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ohun tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò nìyẹn. Bí èèyàn méjì tàbí mẹ́wàá bá jọ dá ohun kan sílẹ̀, tí ohun náà dára tí ayé gbọ́ nípa rẹ̀, ta ló ni ín? Bí ọ̀kan nínú wọn bá sì ní òun ń lọ, ṣé ọ̀dàlẹ̀ ni ká pè é, àbí ẹni tó mọ iyì ara rẹ̀?

Mi ò ní fi àlọ́ ìjàpá dáhùn. Àpẹẹrẹ wà nílẹ̀, ti àwọn tí gbogbo wa mọ̀ sì ni: Fẹlá Aníkúlápó-Kútì àti Tony Ọládiípọ̀ Allen tó ń lu ìlù fún un.

Èkó ni wọ́n ti pàdé ní ọdún 1964. Fẹlá ti lọ kọ́ orin ní London, ó sì ti padà sílé. Koola Lobitos ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ wọn nígbà náà, jáàsì tí wọ́n pò mọ́ hailáìfù ni wọ́n sì ń ṣe. Èrò kò fi bẹ́ẹ̀ kún ibi eré wọn. Ní 1969, wọ́n jọ lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n lo bí oṣù mẹ́wàá níbẹ̀, wọ́n sì rí ìyà he. Owó kò sí, àwọn tó ń ṣọ́ ìwé ìgbélùú náà kò jẹ́ kí wọ́n gbádùn. Ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n darí dé ni ohun tuntun yọ. Ẹgbẹ́ náà wá di Afrika 70, orin tí wọ́n sì ń pè ní Afrobeat gba gbogbo ìlú kan kí ọdún 1978 tó parí. Àwo tí Tony bá Fẹlá lu ìlù sí lé ní 30.

Ẹ jẹ́ ká wo bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ gan-an, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Fẹlá a máa kọ ti oníkálukú sílẹ̀ fún un. Yóò sọ ohun tí àwọn onífèrè máa fọn. Yóò sọ ohun tí onígìtá máa tẹ̀, kódà gìtá kékeré tó ń tún ohùn kan náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin, Fẹlá ló fi lé e lọ́wọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ni kì í kọ tirẹ̀ fún, Tony ni. Tony fúnra rẹ̀ ṣàlàyé èyí nínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ tó jáde ní 2013. Yóò jókòó ti ìlù, yóò tẹ́tí sí ohun tí àwọn tó kù ń ṣe, yóò wá wá ọ̀nà tirẹ̀ gbà wọlé. Ọwọ́ méjèèjì ń sọ tiwọn, ẹsẹ̀ méjèèjì ń sọ tiwọn, àfi bíi pé èèyàn mẹ́rin ló jókòó sórí àga kan ṣoṣo. Fẹlá pàápàá kò sé e mọ́nú, ó sọ ọ́ síta pé bí kò bá sí Tony, Afrobeat kò ní sí.

Ó dáa. Ẹ wá mú èyíkéyìí nínú àwọn àwo Fẹlá ìgbà náà, kí ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Ta ni wọ́n kọ síbẹ̀ pé ó ṣẹ̀dá orin? Fẹlá. Ta ló ń gba owó tó ń ti ìdí orin wá? Fẹlá. Owó iṣẹ́ ni Tony ń gbà, bíi ti àwọn ọmọ báńdì yòókù. Ní 1978, ẹgbẹ́ náà lọ ṣeré ní Berlin ní ilẹ̀ Jámánì. Ìròyìn tàn láàárín wọn pé ìpolongo ìbò ni Fẹlá fẹ́ fi owó eré náà ṣe, torí ó ń gbèrò láti du ipò ààrẹ. Ìgbà yẹn ni ẹgbẹ́ tú. Ọ̀pọ̀ lọ, Tony náà lọ. Ọdún bíi 15 ni wọ́n ti jọ wà pọ̀.

Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan nínú yàrá wa ní Baṣọ̀run, nígbà tí NEPA ti mú iná lọ tí kò sí ohun mìíràn tí a lè ṣe. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé kì í fi Fẹlá ṣeré rárá. Kíá ló dìde jókòó.

Ó ní, "Gbọ́ ná. Ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 1977 tí àwọn sójà ya wọ Kalakuta, ta ni wọ́n wá? Ṣé onílù ni wọ́n wá? Ilé ta ni wọ́n dáná sun? Ìyá ta ni wọ́n jù láti ojú fèrèsé, tí màmá yẹn fi kú lọ́dún kejì? Ẹni tí orúkọ náà ń kó sí wàhálà, òun náà ni kí orúkọ náà gbè."

Mo ní ó sọ̀rọ̀, àmọ́ kì í ṣe Fẹlá nìkan ni wọ́n lù lọ́jọ́ yẹn.

Ó tún ní, "Ọ̀rọ̀ ẹnu Fẹlá làwọn èèyàn ń rántí. Ta lo rí tó ń fi ẹnu kọ ìlù lójú títì?"

Mo ní ẹnu ló ń rántí ọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ ló ń rántí ìlù. Kó lọ wo àwọn tó ń jó, kó wo ohun tí ìbàdí wọn ń dá lóhùn.

Ó wá mú èyí tó le jù wá. Ó ní, "Ṣebí wọ́n sanwó fún un? Bíríkìlà tó kọ́lé fún ọ, tó gbowó iṣẹ́ rẹ̀, ṣé ó tún máa ní òun lòún nilé ni?"

Ọ̀rọ̀ yìí mú mi dákẹ́. Mo rò ó lálẹ́ ọjọ́ náà, mo tún rò ó nínú mọ́tò láàárọ̀ ọjọ́ kejì nígbà tí a há sínú gosiló ní Ìdí-Àpẹ. Ohun tí mo rí ni pé ọ̀rẹ́ mi jàre ní apá kan, ó sì fi apá kan sílẹ̀. Lóòótọ́, bíríkìlà kò ni ilé. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá bèèrè pé, "Ta ló kọ́ ilé yìí?" tí onílé sì dáhùn pé, "Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ́ ọ," ṣé kì í ṣe irọ́ nìyẹn? Owó tí ó san ra ilé. Kò ra òótọ́ nípa ẹni tó mọ ọ́n.

Ẹ rí i, nǹkan mẹ́ta la máa ń dì sínú ẹrù kan ṣoṣo, ìdí sì nìyẹn tí a fi ń jà: àṣẹ, owó, àti orúkọ. Ẹ jẹ́ ká tú ẹrù náà.

Àṣẹ kọ́kọ́. Mi ò rò pé ó burú kí ẹnì kan ṣoṣo máa pàṣẹ nínú ẹgbẹ́ olórin. Ọkọ̀ kan kì í ní awakọ̀ méjì. Bí ẹni 10 bá ń dìbò lórí bí orin ṣe máa parí, orin ò ní parí. Fẹlá le, kò sí àní-àní, àmọ́ líle yẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí fèrè, gìtá àti ohùn àwọn obìnrin wọlé síra bí eyín ṣe ń pàdé eyín.

Owó ṣìkejì. Mi ò ní kí wọ́n pín in dọ́gba-dọ́gba. Onílù kan wà ní àdúgbò wa, ọmọ Àyàn ni, dùndún ni wọ́n ń lù káàkiri ibi ìnáwó lọ́jọ́ Sátidé, láti Aṣí títí dé Akóbọ̀. Mo bi í pé báwo ni wọ́n ṣe ń pín owó tí àwọn èèyàn ń lẹ̀ mọ́ wọn níwájú. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àbúrò, ìyáàlù ló ń kó o jọ, torí òun ló mọ oríkì tó ń mú owó jáde lápò olówó. Ṣùgbọ́n kí a tó gbé ìlù kúrò nílé la ti mọ ìpín gúdúgúdú." Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbà. Gúdúgúdú kò ní kí ìpín òun bá ti ìyáàlù dọ́gba. Ohun tó ń fẹ́ ni kí ó mọ̀ ọ́n ṣáájú, kí wọ́n má sì yẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn eré. Nítorí náà, àdéhùn ni owó. Bí ẹ bá ti bá ara yín ṣe é láìsí ẹ̀tàn, ó parí.

Orúkọ ṣìkẹta, ibẹ̀ ni mi ò ti lè bá ọ̀rẹ́ mi lọ. Orúkọ kì í ṣe ẹ̀bùn tí ọ̀gá ń ta ọmọ iṣẹ́ lọ́rẹ. Ìròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ ni. Bí èèyàn méjì bá ṣe nǹkan, tí ẹ kọ ẹnì kan, irọ́ lẹ pa. Bí onílù fúnra rẹ̀ bá tiẹ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n yọ òun kúrò, irọ́ náà kò tíì di òótọ́, torí kì í ṣe òun nìkan ni wọ́n pa á fún. Wọ́n pa á fún ẹni tó ra àwo náà. Wọ́n pa á fún ọmọdé tó ń fi igi lu agolo lẹ́yìn ilé, tí yóò dàgbà pẹ̀lú èrò pé àwọn tó di ẹ̀rọ ohùn mú nìkan ló ń dá orin sílẹ̀.

Ẹnì kan á ní, "Haba, ṣé ká wá kọ orúkọ ẹni tó ra omi fún wọn náà síbẹ̀ ni?" Ìbéèrè tó dáa ni, ó sì yẹ kó ní ìdáhùn. Òṣùwọ̀n tèmi rèé: yọ ẹni náà kúrò, fi ẹlòmíràn sí i, kí o wá wò ó bóyá ohun náà ṣì jẹ́ ara rẹ̀. Ní 1973, Igo Chico tó ń fọn sáksófóònù fún Fẹlá bínú lọ. Fẹlá ní kò sí wàhálà, ó gbé sáksófóònù fúnra rẹ̀, ó kọ́ ọ, ó sì fọn ún sínú àwo Gentleman lọ́dún náà gan-an. Orin ń lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí Tony lọ, Fẹlá kò lè jókòó ti ìlù kó ní òun náà á kọ́ ọ. Ó dá Egypt 80 sílẹ̀, ó sì ṣe orin ńlá pẹ̀lú wọn, àmọ́ orin mìíràn ni. Ó gùn sí i, ó wúwo sí i, ìrìn rẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tó bá gbọ́ méjèèjì tẹ̀lé ara wọn á mọ̀.

Ẹ má sì rò pé Tony nìkan ló ni ín. Òun náà rìn jìnnà lẹ́yìn Fẹlá. Ó kó lọ sí Paris, ó bá àwọn òyìnbó bíi Damon Albarn ṣeré, ó ṣe àwo lóríṣiríṣi títí tó fi kú ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 2020. Iṣẹ́ tó gbayì ni gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀, kò tún rí ohùn Afrika 70 ṣe mọ́, bí Fẹlá náà kò ṣe rí i ṣe títí tó fi kú ní 1997. Fún èmi o, èyí ló dáhùn ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Orin yẹn kò sí lápò Fẹlá, kò sí lọ́wọ́ Tony. Àárín àwọn méjèèjì ló ń gbé. Nígbà tí àárín bàjẹ́, olúkúlùkù kó ohun tirẹ̀ lọ, kò sì sẹ́ni tó rí àárín kó.

Ṣé ọ̀dàlẹ̀ wá ni ẹni tó lọ? Ọwọ́ rẹ̀ méjì àti ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì ni Tony kó jáde, kò kó nǹkan onínǹkan. Mi ò rí ìdalẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká fi ìyẹn sọ ẹni tó dúró di òmùgọ̀. Lékan Animashaun, Baba Ani, ti wà pẹ̀lú Fẹlá láti 1965. Nígbà tí ẹgbẹ́ tú, ó dúró. Ó dúró títí Fẹlá fi kú, ó tún dúró ti ọmọ rẹ̀ nínú Egypt 80. Ọdún 1995 ni àwo tirẹ̀ tó jáde, ọgbọ̀n ọdún gbáko lẹ́yìn tó wọ ẹgbẹ́. Àwọn kan á ní wọ́n rẹ́ ẹ jẹ ni. Mo rò pé ẹni tó bá dúró, tó mọ ohun tí òun dúró tì, tó sì lè lọ bó bá fẹ́ lọ, kò sẹ́ni tó rẹ́ ẹ jẹ. Ẹni tó dúró torí pé kò mọ̀ pé òun lè lọ ni kí àánú rẹ̀ ṣe wá.

Kì í sì ṣe ilé Fẹlá nìkan ni èyí ti ṣẹlẹ̀. King Sunny Adé fúnra rẹ̀ wà lábẹ́ Moses Ọláìyá, Baba Sàlá wa, nígbà tí Baba ṣì ń kọrin, kó tó jáde lọ dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó wá di ọ̀gá tí àwo rẹ̀ sì kàn dé òkèèrè, àwọn ọmọ African Beats ní kó fi kún owó àwọn lákòókò ìrìn àjò Japan ní 1984. Kò pẹ́ tí ẹgbẹ́ náà fi tú. Ẹni tó jáde lánàá ni wọ́n ń jáde mọ́ lọ́wọ́ lónìí. Bí ọ̀gá bá ń rántí ìgbà tí òun ń gbé gìtá ẹlẹ́gìtá, bóyá etí rẹ̀ á túbọ̀ là.

Ní ilẹ̀ òyìnbó, àwọn Beatles gbìyànjú ọgbọ́n mìíràn. John Lennon àti Paul McCartney ṣàdéhùn láti kékeré pé orúkọ àwọn méjèèjì ni yóò máa wà lórí orin tí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá kọ, ì báà jẹ́ pé ọ̀kan ló dá a kọ. Ó dà bí ìfẹ́, ó sì ṣiṣẹ́ fún ìgbà kan. Ṣùgbọ́n George Harrison wà níbẹ̀ tó ń kọ orin tirẹ̀, àyè díẹ̀ ni wọ́n ń fún un lórí àwo kọ̀ọ̀kan. Ní 1970, ẹgbẹ́ náà fọ́. Àdéhùn èèyàn méjì kò tó nínú ilé èèyàn mẹ́rin.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé eré lásán lọ̀rọ̀ yìí, kó lọ bèèrè ní Abẹ́òkúta. Oṣù karùn-ún ọdún 1980 ni wọ́n pa Àyìnlá Ọmọwúrà níbẹ̀, níbi ọtí. Ẹni tó ti jẹ́ máníjà rẹ̀ rí ló ṣe é, ọ̀rọ̀ alùpùpù ló dá ìjà náà sílẹ̀. Alùpùpù kan ṣoṣo! Ẹ̀mí akọrin lọ, wọ́n sì so ẹni tó pa á kọ́.

Èwo ló kàn wá nínú gbogbo èyí, àwa tí a kò ní báńdì? Ó kàn wá. Ní Baṣọ̀run níbí, àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin kan wà tí mo mọ̀ dáadáa. Ọ̀kan ń kọrin, ọ̀kan ń tẹ dùùrù, ọ̀kan ń lu dírọ́ọ̀mù, ọ̀kan ń kọ ọ̀rọ̀ orin. Wọ́n jọ ṣe orin kan ní sitúdíò, orin náà dùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tàn láti fóònù sí fóònù. Orúkọ ẹni tó kọ ọ́ jáde nìkan ló wà lórí rẹ̀. Onílù gbé ìlù rẹ̀ kúrò nínú gáréèjì tí wọ́n ti ń pàdé, láti ìgbà náà wọn kì í kí ara wọn, bẹ́ẹ̀ òpópónà kan náà ni ilé wọn wà. Wọ́n ní kí èmi tí mo ń kàwé bá wọn dá ẹjọ́.

Mo sọ ohun tí mo sọ fún yín yìí fún wọn. Mo ní kí ẹni tó ń kọrin máa jẹ́ ọ̀gá, ìyẹn kò burú. Kí wọ́n jókòó ṣàdéhùn owó, bí kò tiẹ̀ tíì sí owó. Ṣùgbọ́n kí orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọlé lónìí, láìdúró de ọ̀la. Akọrin ní wọ́n ti gbé e sáfẹ́fẹ́ ní rédíò bẹ́ẹ̀, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Onílù ní òun kò bèèrè kọ́bọ̀. Ó ní màmá òun gbọ́ orin náà ní rédíò, ó ń jó o nídìí àdògán, kò sì mọ̀ pé ọmọ òun ló ń lù ú. Nígbà tí òun sọ fún un, kò gbà gbọ́.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, kò sí ìwé òfin tó lè san gbèsè yẹn padà.

Àwa náà ńkọ́? Olùkọ́ fún èèyàn márùn-ún ní iṣẹ́ kan, ẹni méjì ṣe é, orúkọ márùn-ún wọlé. Tàbí kí márùn-ún ṣe é, kí ẹnì kan dìde níwájú kíláàsì máa sọ pé, "Nínú ìwádìí mi." Ewì kan jáde nínú ìwé wa yìí, orúkọ kan ló wà lábẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnì kan ló tún ìlà ìparí rẹ̀ ṣe nípàdé, ẹnì kan tẹ̀ ẹ́, ẹnì kan dúró nídìí ẹ̀rọ tó ń ṣe ẹ̀dà títí ẹsẹ̀ fi ń ro ó. Ẹ lo òṣùwọ̀n tí mo fún yín. Ẹni tó bá jẹ́ pé láìsí i, ohun náà kì bá tí jẹ́ ara rẹ̀, ẹ kọ orúkọ rẹ̀. Ẹni tó kù, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì dá a mọ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá pàdé rẹ̀.

Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ sọ. Kí orin tó dùn ni kí ẹ ti sọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tí kò tíì sówó, tí ẹ ṣì jọ ń jẹ gààrí nínú abọ́ kan, ọ̀rọ̀ kì í le láti sọ, ẹnu kì í sì í kóni lára. Bí orin bá ti dùn tán, gbogbo ọ̀rọ̀ ló máa ń dà bí ojúkòkòrò. Onígúdúgúdú mọ ìpín rẹ̀ kó tó kúrò nílé, ìdí nìyẹn tó fi lè fi gbogbo ara lù ú tó bá dé òde. Ire o.